Kéréènì Tó Kọ̀, Tí Kò Dọ̀bálẹ̀

Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ṣe POS létí títì ní Ìbafò ló kọ́kọ́ sọ fún Fàsílátù pé Ọ̀gá Ògúnkànmí fẹ́ gun òfuurufú lọ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Nusaybah, ṣé ẹ ti gbọ́?" Bùrẹ́ímọ̀ fi ẹ̀rọ POS rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì kó tó sáré wá, ohun tí kì í ṣe àfi bí ọ̀rọ̀ bá tó ọ̀rọ̀. "Ọjọ́bọ̀ ni, ní yáàdì Mówè. Wọ́n ní kéréènì ló máa gbé wọn sókè, tàwọn tàga. Wọ́n á wà lókè, àwa á wà nísàlẹ̀, wọ́n á máa kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ra."

Fàsílátù ń fi àkísà nu gíríìsì kúrò lára húùkù ńlá kan. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ó ní òun á ju owó mi sílẹ̀ látòkè ni?"

"Wọn ò mẹ́nu ba tìyẹn."

"Ó dáa. Lọ jókòó ti POS ẹ kí wọ́n má baà gbé e lọ."

Kí ẹ má baà rò pé obìnrin yìí kàn burú lẹ́nu lásán, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ohun èlò kéréènì ló ń tà: wáyà onírin, húùkù, gíríìsì, àti róbà ọ́ìlì, ìyẹn róbà líle tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kí apá kéréènì tó lè gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀. Àbúbákr ọkọ rẹ̀ ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí Àbúbákr kú, àwọn ẹbí ọkọ wá bá a kẹ́dùn. Wọ́n kẹ́dùn tán, wọ́n kó ọjà lọ. Kẹ́ẹ̀gì gíríìsì kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ló sì ti tún gbogbo ìsọ̀ fà yọ. Láti ọjọ́ náà, kò gba omijé ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà náà ló ti ń fi kútẹ́ẹ̀sì pupa, èyí tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná, to àmì mẹ́ta sí ìdí ọjà kọ̀ọ̀kan kó tó jáde ní ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ kì bá tí rí ọjà kó ká ní ó ti ní àmì nígbà náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ẹ mọ ìyókù.

Ọ̀gá Sámúẹ́lì Ògúnkànmí ní tirẹ̀, kéréènì ló ń bẹ̀ wò fún ìjọba. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ifọ̀, gbogbo yáàdì tí wọ́n ń kó kéréènì sí ní Ìbafò àti Mówè sì wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má ṣì wá gbọ́. Kéréènì tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò, ikú tó dìde dúró ni. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ á gun orí rẹ̀, á fọwọ́ tẹ wáyà, á sùn sílẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, á gbóòórùn ọ́ìlì. Ògúnkànmí ò ṣe ìkankan nínú ẹ̀. Agbádá funfun ló ń wọ̀, ọ́ìlì àti agbádá funfun kì í sì í ṣọ̀rẹ́.

Báyìí ló ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ṣàràfá akọ̀wé rẹ̀ á ti ṣáájú dé yáàdì pẹ̀lú agboòrùn àti àga ńlá aláwọ̀ pupa, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó jókòó. Ògúnkànmí á jókòó. Kéréènì á wá máa bọ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á na apá rẹ̀ síwájú, á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí húùkù á fi kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á dáadáa. Kéréènì á dọ̀bálẹ̀ kí i. Èyí tó bá dọ̀bálẹ̀ kanlẹ̀, ó yege, ó gba sítíkà. Èyí tó bá kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé, olówó rẹ̀ á san ìtanràn.

"Èyí dọ̀bálẹ̀ dáadáa," Ògúnkànmí á wí.

"Ó dọ̀bálẹ̀, Ọ̀gá. Àyà ẹ̀ kanlẹ̀."

"Kéréènì tó bá mọ àgbà, ewu ò lè sí lára rẹ̀."

"Kò lè sí, Ọ̀gá. Ewu gan-an ń bẹ̀rù yín."

"Fún un ní sítíkà."

Nígbà tó ṣe, ojú Ògúnkànmí wọ owó tí àwọn onílé iṣẹ́ fi ń háyà kéréènì, òun náà bá ra àlòkù kan. Ọmọ tara ẹni kì í burú. Òun fúnra rẹ̀ jókòó bẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un ní máàkì ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá fi mẹ́wàá lé e nítorí ẹ̀kọ́ ilé.

Kéréènì ẹlẹ́kọ̀ọ́-ilé yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Róbà ọ́ìlì rẹ̀ ti gbó. Ògúnkànmí lọ sí ìsọ̀ Fàsílátù, ó gbé róbà tuntun méjì, ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà àti ẹgbàáta. Ó ní òun á san án ní ìparí oṣù. Ìparí oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Bẹ́ẹ̀, owó yẹn gan-an ni Fàsílátù ń wò láti fi san owó ìsọ̀. Àbdùlsàmàd onílé ti fún un di ọjọ́ Jímọ̀, nítorí àwọn oní-tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń fẹ́ ibẹ̀, wọ́n fẹ́ san ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tilẹ̀ ti gbé garawa ọ̀dà wá sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Àárọ̀ àárọ̀ ni Fàsílátù ń gba ẹ̀gbẹ́ garawa náà kọjá, bí ẹni tí wọ́n ti gbẹ́ sàréè ẹ̀ dè é.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ìsọ̀, ó wọ ọkọ̀ mẹ́ta, ó dé Ifọ̀.

Ògúnkànmí wà lẹ́yìn tábìlì tó fẹ̀ tó ibùsùn. Ìwé ńlá kan wà lára ògiri. Ojú Fàsílátù ò fi bẹ́ẹ̀ là sí ìwé, ó bá bi Ṣàràfá pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣàràfá na àyà, ó kà á: òfin méje tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa kéréènì. Ọ̀kan, máa dé akoto. Èkejì, má dúró sábẹ́ ẹrù. Ẹ̀kẹta, má mutí. Ẹ̀kẹrin, a kì í fi kéréènì gbé ènìyàn.

"Ẹ̀kẹrin yẹn," Fàsílátù wí. "Kí ló ní?"

"A kì í fi kéréènì gbé ènìyàn."

"Ọjọ́bọ̀ wá ńkọ́?"

Ògúnkànmí rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ìyá, *ènìyàn* ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò kọ *Ọ̀gá*."

"Ó ti yé mi. Owó róbà mi ni mo bá wá."

"Owó." Ògúnkànmí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò lẹ́nu bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ẹ̀wà. "Ìyá, kò sí gbèsè láàárín èmi àti ẹ̀yin. Àjọṣepọ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ gbé róbà yẹn fún mi, ṣé èmi ni ẹ gbé e fún? Rárá o. Ẹ̀mí aráàlú ni ẹ gbé e fún. Ọmọ ilé ìwé tó ń gba abẹ́ kéréènì kọjá, òun ni ẹ gbé e fún. Aboyún tó ń rọra lọ, òun ni ẹ gbé e fún. Ta ló wá ń sin aboyún lówó?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ́ sìn ín," Ṣàràfá wí.

"Ẹ júwe ilé aboyún náà fún mi," Fàsílátù wí. "Mo máa sìn ín."

Ṣàràfá wúkọ́. Ògúnkànmí dìde láti fi hàn pé ìpàdé ti parí.

"Ẹ wá sí Mówè lọ́jọ́bọ̀. Àlàájà Sàúdátù, ọ̀gá wa láti Abẹ́òkúta, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ mi. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi látòkè, wọ́n á sọ mí di igbákejì wọn. Igbákejì kì í jẹ gbèsè."

"Kí ni wọ́n máa ń jẹ?"

Fàsílátù jáde. Ó tún wọ ọkọ̀ mẹ́ta padà.

Ọjọ́bọ̀ pé, Mówè kún. Àwọn oníyáàdì wá nítorí sítíkà. Àwọn ará àdúgbò wá nítorí ìran. Bùrẹ́ímọ̀ gbé tábìlì POS rẹ̀ wá nítorí pé ibi tí èrò bá wà, owó ò ní ṣàìsí níbẹ̀. Fàsílátù wá nítorí ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án àti ẹgbàáta. Àlàájà Sàúdátù dé, obìnrin kékeré kan, ó dé akoto lé orí híjáàbù, ó wọ bàtà iṣẹ́, ó jókòó sórí àga oníke, ó ń mu omi inú ọ̀rá. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé òun ló ń ta omi.

Awakọ̀ Ògúnkànmí ti sá lọ nítorí owó oṣù, ó bá yá Mùtíù, ẹni tó ń wa kéréènì yáàdì Mówè. Kéréènì tí Mùtíù ń wà dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mùtíù yí kéréènì ọ̀gá po lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Róbà yìí ń sunkún."

"Sítíkà ńkọ́?"

"Sítíkà wà lára ẹ̀, sà."

"Ṣé sítíkà náà ń sunkún?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, gbé mi."

Wọ́n so àga pupa mọ́ húùkù. Ògúnkànmí jókòó, ó gba maìkì, ó ṣètò agbádá rẹ̀. Kéréènì hó, apá rẹ̀ gòkè, àga gòkè, ọ̀gá gòkè. Ó ga ju òrùlé lọ. Ó ga ju òpó iná lọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lórí ẹ̀spùrẹ́ẹ̀sì ń yọrí lójú fèrèsé wo ohun funfun tó rọ̀ sójú ọ̀run.

"Ẹ̀yin ènìyàn ìsàlẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀. Báyìí ló kí àwọn èèyàn o, a ò fi kún un. "Ẹni tó bá ń ṣàkóso ohun gíga, ibi gíga ló yẹ kó ti fọhùn. Láti ibi tí mo wà yìí, mo ń rí Ìbafò. Mo ń rí Mówè. Tí ìkùukùu bá kúrò díẹ̀, mo máa rí Ifọ̀. Kí n tó dé ibi iṣẹ́ yìí, kéréènì ń rìn bó ṣe wù ú. Ta ló kọ́ wọn ní ìtẹríba?"

"Ẹ̀yin ni," Ṣàràfá wí nísàlẹ̀.

"Àlàájà, èèyàn ni àwọn ọ̀gá mìíràn fi ń kí yín. Lónìí, irin ni mo máa fi kí yín. Mùtíù, jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájà."

Mùtíù fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Nǹkan kan dún *pọ̀ọ̀* lábẹ́ kéréènì. Ọ́ìlì dúdú tú jáde bí omi tó bẹ́ lẹ́nu páìpù, ó sì wẹ Ṣàràfá láti fìlà dé bàtà. Apá kéréènì mì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kò mì mọ́ rárá.

"Mùtíù, mo ní kó dọ̀bálẹ̀."

Mùtíù sọ̀kalẹ̀, ó wo abẹ́, ó nu ọwọ́. "Ọ̀gá, ó kọ̀. Róbà ti bẹ́, ọ́ìlì ti tán. Lọ́ọ̀kì ló gbá apá rẹ̀ mú. Kò ní já bọ́, kò sì ní sọ̀kalẹ̀."

Gbogbo kéréènì Ìbafò àti Mówè ló ti dọ̀bálẹ̀ fún Ògúnkànmí rí. Tirẹ̀ nìkan ni kò dọ̀bálẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé maìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbàgbé ní tirẹ̀. Gbogbo yáàdì gbọ́ ọ tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Yéè, ilẹ̀ jìnnà." Wọ́n gbọ́ ìlàjì orin ìjọ kan. Wọ́n gbọ́, "Ṣàràfá, mo fẹ́ tọ̀." Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ọwọ́ ò tó ẹnu bò mọ́.

Bóyá ẹ̀rín náà ló dùn ún. Ó pariwo látòkè pé, "Róbà obìnrin Ìbafò yẹn ni. Fàsílátù ni. Ayédèrú ló tà fún mi."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Orí gbogbo yí síbi tí Fàsílátù wà. Ọkùnrin oníyáàdì kan tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ìyá Nusaybah, èyí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ṣé irú ẹ̀ náà ni?"

Fàsílátù mọ ohun tó dé bá òun. Owó tó bá sọnù, èèyàn lè tún un pa. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá bàjẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ìsọ̀ á di ti oní-tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, Àbdùlsàmàd ò sì ní jẹ̀bi. Ó ká ìró rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ inú ọ́ìlì, ó fa róbà tó bẹ́ sọ́dọ̀, ó fi etí ìró nu ìdí rẹ̀ títí irin rẹ̀ fi hàn.

"Ẹ wá wò ó," ó wí. "Gbogbo ọjà mi ní kútẹ́ẹ̀sì pupa mẹ́ta nídìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà lọ́wọ́ mi, ṣé irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," oníyáàdì wí. "Tèmi ní in."

"Pupa dà lára èyí? Róbà yìí dàgbà ju Nusaybah ọmọ mi lọ, ọmọ náà sì ti ń ṣiṣẹ́."

Mùtíù dúró, ó ń fọwọ́ họ orí. "Ìyá, ẹ ní pupa mẹ́ta?"

"Mẹ́ta."

"Wọ́n wà lára kéréènì tí mo ń wà."

Gbogbo èrò bá wọn lọ síbi kéréènì kejì. Mùtíù tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀. Róbà tuntun méjì, pupa mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń dán bí èékánná ìyàwó.

"Lọ́wọ́ ta lẹ ti rà á?" Fàsílátù béèrè.

Mùtíù pa iná fóònù. Ó wòkè. Oníyáàdì wòkè. Gbogbo èèyàn wòkè.

"Àwọn ló tà á fún ọ̀gá mi," Mùtíù wí níkẹyìn. "Wọ́n ní tí kò bá rà á, kò ní rí sítíkà. Ọ̀kẹ́ méjìlá ni wọ́n gbà."

Fàsílátù ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ó mi orí. "Ó tilẹ̀ jèrè lórí ọjà tí kò tíì san kọ́bọ̀ fún mi. Ká ní ó jókòó sí ìsọ̀ ni, ọjà ni ò bá máa tà."

Àlàájà Sàúdátù dìde nígbà yìí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n èrò yà fún un.

"Ta ló bẹ kéréènì yìí wò?"

"Èmi ni, Àlàájà," ni ohùn láti òkè.

"Máàkì mélòó ló gbà?"

"Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá ti kí ni?"

Ṣàràfá, tí ọ́ìlì ń kán létí rẹ̀, dáhùn: "Ti ẹ̀kọ́ ilé, mà."

"Ta ló ni ín?"

"Àwọn náà ni, mà."

Àlàájà fa ìwé kékeré kan yọ, ó kọ nǹkan sí i. Kò gùn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ kì í gùn.

Mùtíù wá bá Fàsílátù. "Ìyá, mo lè tú róbà kan lára tèmi, kí n fi gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà yín ni, wọn ò tíì san yín lówó. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ mọ ohun tó sọ sí i lọ́kàn. Ẹ má díbọ́n. Ó wo òkè, ó wo àga tó ń fì, ó wo bàtà ọ̀gá kan tó ti já bọ́ sílẹ̀. Ó rántí garawa ọ̀dà. Ó rò ó dáadáa.

"Gbé e sọ̀kalẹ̀," ó wí. "Òkú kì í san gbèsè."

Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó tú róbà, kí wọ́n tó dè é, kí wọ́n tó bu ọ́ìlì sí i. Oòrùn ò mọ ọ̀gá. Àwọn èèyàn ra gúgúrú, wọ́n jókòó. Bùrẹ́ímọ̀ pa owó tí kò pa rí. Níkẹyìn, apá kéréènì tẹ̀, àga kanlẹ̀ ní iwájú Àlàájà. Ògúnkànmí fẹ́ dìde fi ọlá jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Eékún yẹ̀, agbádá fọ́n ká, àyà rẹ̀ kanlẹ̀ gbàlàjà láàárín Àlàájà Sàúdátù, Fàsílátù àti kéréènì.

"Èyí dọ̀bálẹ̀ dáadáa," ẹnìkan wí nínú èrò.

"Gbèsè obìnrin yìí tó mélòó?" Àlàájà béèrè.

Ògúnkànmí dìde, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Ṣàràfá, ó tẹ owó ránṣẹ́. Álààtì dún lára fóònù Fàsílátù. Bùrẹ́ímọ̀ bá a kà á: ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án.

"Ẹgbàáta ńkọ́?" Fàsílátù wí.

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó gbé ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án, tí ẹgbàáta wá wúwo fún."

Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án tó iṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun, ó fi owó gíríìsì kún un, ó san owó ìsọ̀ fún Àbdùlsàmàd. Àwọn oní-tẹ́tẹ́ wá gbé garawa wọn. Ó bá wọn gbé e dé ẹnu ọkọ̀.

Àlàájà ò lé Ògúnkànmí dànù. Ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé e lọ sí Ajúwọ̀n, ó ní kó máa bẹ àkàbà wò níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àkàbà ní tirẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bó ṣe lágbára tó, kó gùn ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ti kéréènì rẹ̀, Ògúnkànmí tà á. Àga pupa náà, ó tà á.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan yà sí ìsọ̀ Fàsílátù. Ṣẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Ọ̀dà wà ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti le. Ó fi owó bébà mẹ́fà sórí tábìlì, ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàsán, Ìyá Nusaybah. Ẹgbàáta yẹn nìyí."

Fàsílátù wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó wo owó. Lẹ́yìn náà ló kà á, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí oòrùn. Ó yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀.

"Èyí ti ya."

Ògúnkànmí wo bébà náà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí Bùrẹ́ímọ̀ ti na ẹsẹ̀ lórí àga ńlá aláwọ̀ pupa, tó ń ka owó oníbàárà. Ó wo àga náà pẹ́. Ó lọ síbẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì bẹ Bùrẹ́ímọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun pààrọ̀ bébà tó ya náà. Bùrẹ́ímọ̀ ò dìde. Ó gbé bébà náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ó fún un ní tuntun.

Ó gbé e padà wá. Fàsílátù gbà á, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó tò ó lé márùn-ún yòókù, ó tún gbogbo rẹ̀ kà látìbẹ̀rẹ̀.

"Ó pé," ó wí.